Tamar Mounsey àti Ajá Tí Wọ́n Pè Ní Òpùrọ́

Kò sí ẹni tó gbọ́ ariwo Tamar Mounsey rí ní gbogbo àfonífojì Swinskell, títí di Sátidé kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1936. Obìnrin tó lè fi odindi ọjọ́ kan wá àgùntàn kan ṣoṣo káàkiri òkè ni. Tó bá rí i tán, tó délé, tí ọkọ rẹ̀ bi í pé báwo, á ní, "Ó wà níbẹ̀," á sì gbé omi kaná. Nígbà tó wá la ẹnu lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ òkè dúró gbagidi, bí ẹni tí òkúta bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Swinskell. Ọjà ìgbanisíṣẹ́ ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì ni àwọn àgbà oko Thrang End ti rí i, tó dúró láàárín àwọn ọmọbìnrin yòókù, àpótí páànù kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun lè fún wàrà màlúù, òun lè ṣe búrẹ́dì, òun kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá àgbà náà ní èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn ló wu òun jù. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbà á fún. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógójì báyìí. Ó fẹ́ Ned, ọmọ ilé náà. Ó sin àwọn àgbà méjèèjì. Lọ́dún tí ògiri òkúta wó lu orúnkún Ned, ó gba ọ̀pá darandaran lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì ń gun òkè látìgbà náà, òjò ni o, yìnyín ni o.

Wọn kò bímọ. Ohun tí Tamar tọ́ dàgbà nínú ilé yẹn ni ajá ọdẹ, mọ́kàndínlógún lápapọ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Swinskell nìyí. Ẹgbẹ́ ọdẹ ló ni àwọn ajá, ṣùgbọ́n gbogbo oko ló ń bọ́ wọn. Bí oṣù Karùn-ún bá dé, tí ìgbà ọdẹ bá parí, olórí ọdẹ á kó wọn ká, méjì síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ títí tí koríko yóò fi pọ́n. Ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú á lo odindi ọdún kan lọ́dọ̀ alágbàtọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ pé àgùntàn kì í ṣe ẹran ọdẹ, pé adìẹ kì í ṣe ẹran ọdẹ, pé ológbò ilé kì í ṣe ẹran ọdẹ bó ti wù kó rí i fín tó. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbà á padà. Ẹni tó tọ́ ajá kò ni ajá, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ wo ojú wọn lọ́jọ́ àfihàn ọmọ ajá nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí olórí ọdẹ bá ń pe orúkọ, tí ajá bá jáde síwájú, tí àgbẹ̀ kan tí kò rẹ́rìn-ín láti ọdún tó kọjá bá ń fi àtàǹpàkò nu imú.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́ṣin. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta ló dá a sílẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wọn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dún tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kó ọmọ àgùntàn mọ́kànlélógójì lọ ní ìgbà ìrúwé kan ṣoṣo. Wọ́n pa ajá wọn pọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ gun òkè. Ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń fi gùn ún. Ẹṣin kan péré ló ti bá wọn jáde rí. Ọlọ́lá kan láti ìsàlẹ̀ odò ló gùn ún wá. Ẹrẹ̀ gbé ẹṣin ọ̀hún mì dé ikùn, ọkùnrin mẹ́sàn-án ló fi okùn fà á yọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà pé: *Ohun tí a rí mú lónìí: ẹṣin kan.* Ó ṣì wà níbẹ̀. Lanty Gaskarth, akọ̀wé ẹgbẹ́, kì í jẹ́ kí àlejò lọ kó tó ṣí ojú ìwé yẹn hàn án.

Ajá kọkàndínlógún tí Tamar tọ́ ni Dainty. Abo ni, funfun, àfi etí òsì tó pọ́n bí ewé tó fẹ́ já. Inú ẹ̀wù Amos Tallentire, olórí ọdẹ, ló wà nígbà tó dé, kò tóbi ju bàtà lọ. Láàárín ọdún kan tó lò ní Thrang End, Tamar mọ ohùn rẹ̀ bí ó ti mọ ẹnu ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀. Bó bá rí eku nínú àbà, ohùn kan lókè ọ̀fun. Bó bá rí ẹni tó ń pín lẹ́tà, ohùn yẹn kan náà, àmọ́ ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọjá lẹ́yìn ilé adìẹ. Tamar wà nídìí màlúù, orí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ẹran náà. Ló bá gbọ́ ohùn kan tí kò gbọ́ rí: ó ti inú ikùn wá, ó rinlẹ̀, ó sì ya sí méjì nígbà tó máa parí, bí ìlẹ̀kùn àbà tí wọ́n tì sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Kò kúrò nídìí màlúù. Ó fún wàrà náà tán. Nígbà tó jáde, ó rí ipasẹ̀ lórí ìrì, ó sì mọ̀ pé ohùn tí Dainty máa ń lò fún òtítọ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ gba Dainty padà. Kò tíì pé oṣù méjì tó bẹ̀rẹ̀ ọdẹ tí ọ̀rọ̀ búburú fi dé.

Wọ́n ní ó ń parọ́.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ajá ọdẹ. Ajá tó ń sáré tẹ̀yìn, wọ́n lè fojú fò ó. Ajá tó ń jalè nílé ìdáná, ta ni kò ṣe é rí? Ṣùgbọ́n ajá tó bá gbó níbi tí òórùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò sí, á tan gbogbo ajá yòókù àti gbogbo èèyàn tó ń tẹ̀lé wọn, ìdajì ọjọ́ á bọ́ sófo. Ní Swinskell, ìlà kan ni Amos máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ irú ajá bẹ́ẹ̀. Bó bá di ìlà mẹ́ta, ìbọn ni. Kì í ṣe ìkà. Òfin ni, Amos fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹun lọ́jọ́ tó bá ṣe é.

Dainty ti gba ìlà méjì.

Sátidé yẹn ni ìpéjọ àwọn darandaran, ọjọ́ tí wọ́n máa ń kó àgùntàn tó ṣìnà padà fún olówó rẹ̀. Ọdẹ ló máa ń ṣáájú, ìpín àgùntàn á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oúnjẹ àti orin ní ilé ọtí Orí Àgbò. Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí èèyàn bí ọgọ́ta ti wà lẹ́nu ọ̀nà Thrang End, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn nítorí òtútù. Amos dé nínú ẹ̀wù aláwọ̀ eérú rẹ̀, fèrè rẹ̀ láyà, ajá ogójì lẹ́yìn rẹ̀, ìrù gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Dainty rí Tamar. Ó fẹ́ sáré wá, ó wo ojú Amos, ó dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n Amos."

"Káàárọ̀, Tamar. Orúnkún Ned ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

Amos yọ fìlà, ó tún un dé. "Ìlà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ fún ọ fúnra mi, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu Lanty lo ti máa gbọ́ ọ."

"Ẹnu Lanty ni mo ti gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Amos wí. "Bó bá tún parọ́ lónìí, Tamar, mi ò ní lè ṣe nǹkan kan sí i o. Ọ̀la ni."

"Mo gbọ́."

Lanty Gaskarth fúnra rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn wọn, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ned ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. "Ìyàwó wa! Ajá tí o tọ́ fún wa yìí, irọ́ lo fi ń po oúnjẹ ẹ̀ ni?"

Tamar wò ó. "Ọkọ mi, ilé mi lẹ ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdé. Àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Lanty alára rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. "Ó ti lo gbogbo ọ̀rọ̀ oṣù yìí tán o! Ẹ má bi í ní nǹkan kan mọ́ títí di Kérésìmesì!"

Amos fọn fèrè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Lẹ́bàá ògiri ìsàlẹ̀ Thrang End, níbi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti kọjá lóru, àwọn ajá mú òórùn rẹ̀, ìrù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ranter sọ̀rọ̀. Ranter ni baba wọn, ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣọdẹ, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, kò sì parọ́ rí láyé rẹ̀. Bí Ranter bá ti fọhùn, àwọn àgbà ọkùnrin máa ń yọ páìpù lẹ́nu. Ó fọhùn, ó ya sí òsì, ó kọrí sí igbó Birk nísàlẹ̀. Ajá méjìdínlógójì ya tẹ̀ lé e, igbe wọn gba gbogbo àfonífojì, ó lu òkè apá ọ̀tún, ó padà wá lu ti òsì, irun orí èèyàn dìde! Ọgọ́ta èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àgbà àti ọmọdé, ìborùn ń fò lẹ́yìn wọn.

Ajá kan kò bá wọn lọ. Dainty ya sí ọ̀tún. Ó gun òkè lọ tààrà, ó kọrí sí Àpáta Kannakánná. Ìkùukùu ti ń bọ̀ láti orí àpáta náà, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn. Inú rẹ̀ ni Dainty wọ̀ lọ. Wọn kò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ dún.

"Òun nìyẹn!" ni Lanty ké. "Ìkẹta nìyẹn o, Amos! Ranter lọ sísàlẹ̀, ìyẹn ń pe àpáta ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!"

Amos fọn fèrè pè é padà. Kò wá. Ó tún fọn ọ́n. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Tamar kò bá àwọn èèyàn sáré. Àgbà tó ti ń tẹ̀ lé ajá lọ́gbọ̀n ọdún kì í sáré. Ó ti gba ọ̀nà àgùntàn gòkè, ó dé ibi ọgbà àgùntàn àtijọ́, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ìsàlẹ̀, kó sì gbọ́ òkè. Ó dúró. Ó tú ìborùn kúrò létí.

Ohùn tó gbọ́ láti inú ìkùukùu ti inú ikùn wá. Ó rinlẹ̀, ó ya sí méjì lópin.

Ó tẹ́tí sí ìsàlẹ̀. Ranter ṣì ń sọ̀rọ̀, kò parọ́. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá ògiri, ó kún. Ní báyìí tó yẹ kó máa le sí i, ó ń já, ó ń dákẹ́, ó ń wá a, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Tamar di ògiri ọgbà náà mú. Òye yé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé.

Òórùn ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dà bí okùn tí wọ́n nà sílẹ̀. Orí kan wà lọ́dọ̀ ẹranko náà níbi tó sùn sí. Orí kejì wà níbi tó ti gbéra lóru. Ajá tó bá mú okùn yẹn lódì, òórùn tòótọ́ ló ń tọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹran ti wá ló ń lọ, kì í ṣe ibi tó wà. Bó ti ń lọ sí i ni òórùn náà ń gbó sí i, tí ohùn rẹ̀ náà ń rẹ̀ sílẹ̀. Imú Ranter ti darúgbó. Ó ti mú okùn lódì, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e, nítorí pé kò sí ẹni tó máa ń bi Ranter léèrè.

Amos ń kọjá lọ nísàlẹ̀ ọgbà, ó ń yára lọ sí igbó Birk. Tamar sáré sọ̀kalẹ̀ bá a. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó sáré!

"Ẹ̀gbọ́n Amos! Ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ! Ranter ń tọ̀ ọ́ sẹ́yìn!"

Amos dúró. "Ṣé o rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni?"

"Mi ò rí i. Mo gbọ́ wọn. Ẹ gbọ́ Ranter, ohùn ẹ̀ ń tán lọ. Dainty ló ní i. Ohùn òtítọ́ ẹ̀ nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n."

"Tamar." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo tọ́ ọ. Ìyá wo ló máa sọ pé òpùrọ́ lọmọ òun? Bóo bá rí i, ké sí mi. Bí oò bá rí i, jẹ́ kí n máa lọ."

Ó lọ.

Ní Swinskell, igbe kan wà tí wọ́n ń pè ní igbe Mo-rí-i. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń ké e. Bí olórí ọdẹ bá gbọ́ ọ, ó gbọ́dọ̀ kó ajá rẹ̀ wá síbẹ̀, ohun yòówù kó máa ṣe. Nítorí èyí ni òfin kejìlá fi wà nínú ìwé ẹgbẹ́: ẹni tó bá ké igbe náà láì fojú rí i, á gun orí bẹ́ńṣì, á kọrin níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kò sì gbọdọ̀ ké e mọ́ fún ọdún kan gbáko. Àwọn ọmọdékùnrin ti jìyà rẹ̀ rí. Àgbàlagbà kì í ṣe é. Àgbàlagbà tó bá ṣe é, orúkọ rẹ̀ á máa bá a rìn.

Tamar padà sókè ọgbà. Ó wo inú ìkùukùu. Funfun ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohùn Dainty ti sún sí apá òsì àpáta, ó ń le, ó ń yára. Nísàlẹ̀, fèrè Amos ń jìnnà. Bí wọ́n bá wọ igbó Birk, ó parí. Ẹnì kankan kò ní gòkè wá wo ohun tí ajá kan ń gbó sí. Wọ́n á fa ìlà kẹta, òwúrọ̀ ọ̀la á mọ́.

Ní ọgbọ̀n ọdún, kò ké igbe yẹn rí, kódà nígbà tó rí i. Ó máa ń gbé ọ̀pá sókè ni. Ó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu.

"MO RÍ I O! MO RÍ I O-O-O!"

Gbogbo àfonífojì gbọ́. Wọ́n dúró gbagidi nísàlẹ̀. Lanty ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ta nìyẹn?"

"Tamar ni," ni Amos wí. Kò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, bóyá. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n kíkan-kíkan, ó dá ajá rẹ̀ padà lẹ́nu igbó, ó ń sáré gòkè bọ̀, àwọn ajá ń ṣàn yí i ká bí omi. Àwọn èèyàn yí padà, wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkè.

"Níbo?" ni Amos ké sí i, èémí rẹ̀ ń já.

Tamar na ọ̀pá rẹ̀ sínú funfun náà, sí ibi tí etí rẹ̀ sọ fún un. "Ibẹ̀ yẹn. Abẹ́ àpáta, lápá òsì. Ó ń sún sókè."

Àwọn ajá gbọ́ Dainty. Wọ́n fò! Ajá mọ́kàndínlógójì bẹ́ lu òkúta wẹ́wẹ́, ó ń ró ṣàràrà, ìkùukùu gbé wọn mì. Tamar kò mí. Èèyàn lè ka mẹ́wàá, ó lè ka ogún.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ láti orí òkè. Ìkùukùu ya láti òkè délẹ̀, oòrùn bọ́ sínú rẹ̀, gbogbo wọn sì rí i: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ńlá, pupa bí irin tí wọ́n yọ níná, ó ń rìn lórí ètè àpáta bí ẹni tó mọ ọ̀nà, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ! Ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Dainty, òun nìkan, imú nílẹ̀, ó ń ké ohùn tó ya sí méjì.

Igbe tó jáde lẹ́nu ọgọ́ta èèyàn! Àwọn tó ń ṣàárẹ̀ gbàgbé àìsàn. Nan arúgbó, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ju ọ̀pá rẹ̀ sókè. Lanty ń fò lójú kan, ó ń ké pé, "Ìyàwó wa! Ìyàwó wa!" títí ó fi tẹ ẹrẹ̀, ó rì dé itan, wọ́n sì sáré kọjá lára rẹ̀, kò sí ẹni tó dúró fún un.

Wákàtí mẹ́ta ni eré náà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà yí Àpáta Kannakánná ká, ó sọ̀kalẹ̀ la àárín agbo àgùntàn kọjá kí òórùn rẹ̀ lè pa rẹ́. Òórùn náà sọnù mọ́ Ranter níbẹ̀, kò sọnù mọ́ Dainty. Ẹranko náà fo odò lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún gòkè. Àwọn èèyàn dúró lórí ògiri, wọ́n ń nàka, wọ́n ń bú ara wọn, "Ó wà níbẹ̀! Kì í ṣe ibẹ̀, ìwọ afọ́jú yìí, òkúta nìyẹn!" Ìbá dùn kí n lè kọ ọ́ pé wọ́n mú un. Wọn kò mú un. Ó wọ abẹ́ òkìtì òkúta ńlá kan lókè pátápátá, òkúta tí ogún ọkùnrin kò lè yí. Amos dúró níbẹ̀, ó wo ihò náà, ó ṣí fìlà fún un.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni ó wí. "Ó ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀."

Ní Orí Àgbò, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ooru mú débi pé fèrèsé ń sunkún. Ìkòkò ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún wà lórí tábìlì, tòun ti kábéèjì pupa inú ọtí kíkan, bíà ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Lanty jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó wọ ṣòkòtò onílé ọtí, tó gùn jù ú lọ. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin tán ni alága ẹgbẹ́ kan tábìlì pé kí olórí ọdẹ dárúkọ ajá tó ta yọ jù lónìí.

Amos dìde. "Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Dainty. Thrang End ló tọ́ ọ."

Ariwo sọ. Wọ́n ń fi ìdí ife lu tábìlì. Ned Mounsey, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé wá, ń nu imú. Wọ́n ń kígbe pé, "Tamar! Tamar! Ẹni tó rí i!"

Tamar dìde. Wọ́n rò pé ó fẹ́ dúpẹ́, wọ́n sì dákẹ́, nítorí ìyẹn náà máa jẹ́ nǹkan tuntun.

"Mi ò rí i," ló wí.

"Ẹ̀n?" ni Lanty wí.

"Nígbà tí mo ké, mi ò rí i. Ìkùukùu ló wà níbẹ̀. Mo gbọ́ Dainty, mo sì ké pé mo rí i. Irọ́ ni."

Alága wo Amos, Amos wo ilẹ̀.

"Ìyàwó wa, jókòó jàre," ni Lanty wí. "Ta ló bi ẹ́? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo wa la rí i."

"Ẹ rí i lẹ́yìn tí mo ké ni. Bí ẹ bá dárí jì mí torí pé ó bọ́ sí i, ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹnì kan á méfò, kò ní bọ́ sí i. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n rí i pé kò tíì parí. "Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ìlà méjì ti Dainty, lóṣù tó kọjá. Nígbà tó gbó tí ẹ ní irọ́ ni, Ranter wà níbòmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Amos wí, ó rọra sọ ọ́.

"Ta ló lọ wo ibi tí Dainty wà?"

Amos wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Kò sẹ́ni tó lọ. A bá Ranter lọ ni. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, a ò rí nǹkan kan mú lọ́jọ́ náà." Ó yọ ìwé pélébé kan látinú àpò, ó ní kí Lanty yá òun ní kálàmù, ó sì pa ìlà méjèèjì rẹ́ lójú gbogbo wọn. "Kò lè sí ìlà níbi tí ẹlẹ́rìí kò sí. Èmi ni mo jẹ̀bi yẹn. Àmọ́ Tamar, tìrẹ ní ẹlẹ́rìí, ìwọ fúnra ẹ."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó gun bẹ́ńṣì.

Orin ìsìn ló kọ, gbogbo ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò fo ọ̀kankan. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tó ga jù, ó ń wá ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀, kò rí i. Ní ẹsẹ kẹta, ajá onílé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í bá a hu. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ pé Àmín. Lẹ́yìn náà ni Lanty Gaskarth dìde, ṣòkòtò àyálò lọ́wọ́ rẹ̀ kan kó má baà bọ́, omi lójú rẹ̀.

"Alága, mo fẹ́ kí a fi òfin kẹtàlá sí i. Ìyàwó wa lè parọ́ bó ṣe wù ú. Kó ṣáà má kọrin mọ́!"

Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Tamar kò ké igbe Mo-rí-i fún ọdún kan gbáko. Ó pa òfin náà mọ́ bó ti ń pa gbogbo nǹkan mọ́, láì dín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kìíní, lórí òkè kan náà, ìkùukùu bò wọ́n débi pé kò sí ẹni tó lè ríran kọjá ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn ajá pín sí méjì, igbe ń dún lókè, igbe ń dún nísàlẹ̀. Lanty ti la ẹnu láti sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́. Amos gbé ọwọ́ sókè, ó sì dúró síbẹ̀, kò fọn fèrè, ó kọjú sí ibi tí Tamar dúró sí nítòsí rẹ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, gbogbo èèyàn dákẹ́. Wọ́n gbọ́ bí ó ti tú ìborùn kúrò létí. Wọ́n dúró.

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè, sí apá ọ̀tún. Amos kò bi í léèrè bóyá ó rí i. Ó fọn fèrè, ó sì sáré.